Ẹrù Òfìfo Láti Géètì Ẹ̀yìn

"Kò sí níbẹ̀ o!"

Hope fa ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni tí iná jó. "Gbogbo kámẹ́rà la ti yẹ̀ wò tán. Kò sí ojú Dárà ní géètì kankan." Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, igbe ta, gbogbo àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì náà ní Ẹ̀gbẹ́dá sì dìde dúró.

Èmi Sájẹ́ǹtì Abdulganiyy ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìkòtún. Mo ti rí òkú, mo ti bá adigunjalè wọ̀yá ìjà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ tó sọnù kì í mọ́ mi lára, torí mo ní tèmi nílé.

Olúwadárasími ni orúkọ ọmọ náà, Dárà ni wọ́n ń pè é, ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà. Ọ̀sán Wẹ́sìdeè ló pòórá nínú ẹ́sítéètì kan ní Egan, bí ilé ìwé ṣe ń jáde. Ilé ìwé ọ̀hún wà nínú ẹ́sítéètì, ògiri yí gbogbo ibẹ̀ ká, kámẹ́rà sì wà ní gbogbo géètì. Bàbá rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ mú un. Báàgì ọmọ nìkan ló bá lórí bẹ́ǹṣì.

Bàbá náà, Gbénga, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé ni. Títí, ìyàwó rẹ̀, ti kú nígbà tí ọmọ ṣì ń rákò. Hope, àbúrò Títí, ló gbé ọmọ náà, tó sì tọ́ ọ ní yàrá tó háyà ní Ìkòtún. Ní báyìí bàbá ti dé, ó ti gba ọmọ rẹ̀, ó háyà ilé sí Egan fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì fẹ́ bá bàálù lọ ní Sátidé.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Hope ń ṣe nílé iṣẹ́ tó ń bójú tó kámẹ́rà ẹ́sítéètì yẹn. Òun ló sọ fún wa pé ẹ̀rọ wọn lè wá ojú ọmọ náà.

"Fídíò náà pọ̀ ju ohun tí ojú èèyàn lè wò lọ," ló ti ṣàlàyé fún ọ̀gá mi. "Kọ̀ǹpútà púpọ̀ la pín in fún. Kálukú ń wo kámẹ́rà tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá rán èsì sí kọ̀ǹpútà àgbà."

Ọ̀gá mi ni Inspẹ́kítọ̀ Matilda, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, obìnrin tínínrín tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa Hope dìde nílẹ̀. "Ṣé gbogbo wọn ló rán èsì?"

"Gbogbo wọn, mà." Hope nu ojú nù. "Ẹ wo iye ojú tí kálukú wọn kà. Kò sí èyí tó ṣófo."

"Kí ni ẹ ń sọ?" Gbénga, tó dúró lẹ́yìn wa, jágbe mọ́ wa. "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ náà kò jáde," ni ọ̀gá mi wí.

"Tí kò bá jáde, ibo ló wà?"

Gbogbo wa la mọ ohun tó wà nínú ẹ́sítéètì tó lè gbé ọmọ kékeré mì.

*

Kànga la kọ́kọ́ ṣí. Lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọrí ṣalángá àti táńkì omi. Gbénga kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú òun. Á dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu kànga, á tan iná fóònù rẹ̀ sísàlẹ̀, á pe "Dárà!", ohùn rẹ̀ á sì padà wá bá a. Lẹ́ẹ̀kan mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń dìde. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Hope dúró sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin, ó fi ìborùn bo ẹnu.

Ọ̀gá mi kò sí nídìí kànga kankan. Géètì ẹ̀yìn ni mo ti rí i, níbi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti já sí Ìgàndò. Ó ń wo kámẹ́rà tó wà lókè. Promise, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣọ́ géètì náà, dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ tí tíṣà fẹ́ nà.

"Ìwọ lo wà níbí ní Wẹ́sìdeè?"

"Èmi ni, Màdáámù. Mi ò kúrò níbí."

"O ò lọ jẹun?"

"Wọ́n gbé e wá bá mi ni. Ìrẹsì."

"O ò rí ọmọ kékeré kan kó bá ẹnikẹ́ni kọjá?"

"Ọmọ ilé ìwé máa ń tú jáde níbí bí èèrà ni, mà. Èwo ni mo fẹ́ mọ̀ nínú wọn?"

Ọ̀gá mi ya fọ́tò rẹ̀. "Sájẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ ká padà sí Ẹ̀gbẹ́dá. Mo fẹ́ bi ẹ̀rọ yẹn ní ìbéèrè tí èmi fúnra mi ti mọ ìdáhùn rẹ̀."

Henry, ọ̀gá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ló dá wa lóhùn. Ó fi ojú Promise sínú ẹ̀rọ, ó ní kó wá a ní géètì ẹ̀yìn, ní ọ̀sán ọjọ́ náà. A dúró. Ìdáhùn jáde.

Kò sí Promise.

"Irọ́ ló ń pa!" Mo fò dìde. "Kò sí níbi iṣẹ́ rárá!"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe gba orí fóònù ta sí etí àwọn ará ẹ́sítéètì nìyẹn. Kí a tó padà dé Egan, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù lára Promise, ẹnì kan ti gbé táyà wá. Ẹnu ibọn ni mo fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó gbọ̀n títí a fi gbé e dé àgọ́, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: "Mo wà níbẹ̀. Mo wà níbẹ̀."

Mo rò pé ọ̀gá mi á dunnú. Ó kàn jókòó, ó ń pa gíláàsì ojú rẹ̀ dé, ó ń ṣí i.

"Ó rọrùn jù," ló wí.

*

Ní àárọ̀ Fúráìdeè, obìnrin kan já wọ àgọ́ wa tìbínú-tìbínú. Agnes ni, tíṣà Dárà.

"Ẹ tú ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀ jàre! Èmi fúnra mi gba géètì yẹn kọjá lọ́jọ́ náà. Òun ló bá mi gbé ìwé àwọn ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ọmọ ọlọ́mọ lẹ fẹ́ kí wọ́n dáná sun?"

"Ẹ rọra, mà," ni ọ̀gá mi wí. "Ẹ jókòó."

"N ò jókòó. Ó sì tún ku ọ̀kan. Ẹ ti rí oògùn Dárà?"

Gbénga wà lórí àga nígun yàrá, ó ti sùn níjòókòó. Ó gbórí sókè. "Oògùn wo?"

"Ínhélà rẹ̀ ni, èyí tó máa ń fín sẹ́nu. Kò sí nínú báàgì tó fi sílẹ̀. Ọmọ yín ní ikọ́ fée, ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

Mo rí i bí ojú ọkùnrin náà ṣe yí padà. Kò mọ̀. Ọmọ tirẹ̀, kò mọ̀.

"Àǹtí rẹ̀ kì í jẹ́ ká sinmi lórí rẹ̀," ni Agnes ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Tí eruku bá fẹ́ báyìí, Hope á ti pè wá: ṣé ínhélà wà nínú báàgì rẹ̀, ṣé ó ń mí dáadáa? Mo rò pé ìyẹn ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín."

Ọ̀gá mi kọ 'ínhélà' sínú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ fóònù. "Ẹ jẹ́ kí n ya fọ́tò yín, mà."

Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Henry, ó sì pè é. Kò pẹ́ tí èsì fi dé. Kò sí Agnes náà ní géètì ẹ̀yìn.

"Háà!" Agnes pàtẹ́wọ́. "Èmi? Iwin ni mí ni?"

"Tí ẹ̀rọ ò bá rí Promise, ó lè jẹ́ Promise ló ń parọ́," ni ọ̀gá mi wí. "Tí kò bá wá rí ẹ̀yin náà, tí àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń rọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, a jẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn gan-an ló ń parọ́. Sájẹ́ǹtì, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò."

*

Fídíò gidi wà nínú àpótí ẹ̀rọ kan nílé àwọn ẹ̀ṣọ́ ní Egan. Kò sẹ́ni tó wò ó, torí kọ̀ǹpútà ti ní òun ti wò ó tán. Èmi, ọ̀gá mi àti Gbénga la jọ jókòó síwájú rẹ̀.

Promise nìyẹn, abọ́ ìrẹsì lórí itan rẹ̀. Agnes nìyẹn, ó gbé ìwé. Àwọn ọmọ ń rọ́ jáde, wọ́n ń tira wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, Gbénga di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Dárà ni. Ó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó dé fìlà, tó fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Obìnrin náà kò fà á. Ọmọ náà ló ń fà á. Ó ń fò sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ obìnrin náà mú.

Àwa tí a ti ń ki igi bọ kànga!

"Ó wà láàyè," ni Gbénga wí. Ó tún un sọ, omijé ń dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé. "Ta nìyẹn? Ta ni obìnrin yẹn?"

"Ẹni tí ọmọ yín fẹ́ràn ni," ni ọ̀gá mi dáhùn.

*

Òógùn bo Henry nígbà tó ṣí ètò kọ̀ǹpútà náà níwájú wa.

"Báyìí ni iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ, mà. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà púpọ̀ ń ṣe pọ̀, ìránṣẹ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá dé ló ní àkọlé tirẹ̀, státọ́ọ̀sì là ń pè é. Àkọlé yẹn ló ń sọ ẹni tó rán an àti iye nǹkan tó wà nínú rẹ̀."

"Bí ìgbà tí ẹ bá rán páálí sí mi, tí ẹ kọ sára rẹ̀ pé ó kún?"

"Gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ètò náà fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ iye yẹn. Ṣùgbọ́n àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ kí ẹni tó kọ ètò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́." Ó tọ́ka sí ìlà kan. "Kì í ṣe àṣẹ burúkú. Iṣẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀nà tí ètò kò lè kà ló gbà wọlé, àfi kí ẹni tó ṣe é sọ iye tó dé. Wọ́n kàn gbẹ́kẹ̀ lé e pé òótọ́ lá á sọ."

"Tó bá parọ́ ń kọ́?"

"Àṣẹ yẹn kò fi nǹkan kan sínú páálí, mà. Ara páálí nìkan ló ń kọ̀wé sí. Kọ̀ǹpútà tó ń wo géètì ẹ̀yìn kò rán nǹkan kan. Ìlà yìí wá kọ ọ́ pé ẹrù pé. Kọ̀ǹpútà àgbà gbà bẹ́ẹ̀. Òfìfo ló ń kà, òfìfo kò sì jọ ojú Dárà, kò jọ ojú ẹnikẹ́ni. Ló bá ní kò sí."

Ìlà kan ṣoṣo. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé táyà wá bá Promise.

"Ta ló kọ ìlà yìí?" ni ọ̀gá mi bi í.

Henry tẹ kọ̀ǹpútà, orúkọ kan jáde. "Orúkọ mi ló wà níbẹ̀."

Mo dìde, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Henry kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Mo fi Ọlọ́run búra, n ò mọ ọmọ yẹn rí! Gbogbo wa níbí la mọ páásíwọ́ọ̀dù mi, òun la fi ń ṣiṣẹ́!"

"Ẹ dìde, ẹ má dọ̀tí ṣòkòtò yín," ni ọ̀gá mi wí. "Ìgbà wo ni wọ́n kọ ọ́?"

Ó wò ó. Ó tún un wò. "Àárọ̀ Wẹ́sìdeè."

"Ọ̀sán ni ọmọ sọnù. Ẹni tó kọ ọ́ ti mọ̀ láti àárọ̀ pé géètì ẹ̀yìn lọmọ máa bá jáde. Ó tún mọ̀ pé ẹ̀rọ yìí la máa fi wá a. Sájẹ́ǹtì, ṣé àwa ọlọ́pàá mọ̀ pé irú ẹ̀rọ yìí wà?"

"Rárá, mà."

"Ta ló ní ká lò ó?"

Ìdáhùn náà ti wà lẹ́nu mi, kò ṣe é sọ. Henry ló sọ ọ́, wúyẹ́wúyẹ́: "Hope."

"Ṣé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà?"

"Ó ní òun fẹ́ lọ tún kámẹ́rà kan ṣe ní Ìdímù." Ó káwọ́ lérí. "Yéè! Hope? Hope tí kì í jẹun kó má bu tọmọ yẹn sílẹ̀?"

*

Nínú pálọ̀ Gbénga ní Egan la ti bá a, lórí àga gígùn. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yí i ká, wọ́n ń gbàdúrà. Ọ̀gá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bọ́ síta. Gbénga kọ̀, kò jáde. Ó dúró ti ògiri.

"Hope," ni ọ̀gá mi wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, "ikọ́ fée Dárà ń kọ́?"

Hope ń fi ìborùn nu ojú.

"Láti Wẹ́sìdeè lo ti ń sunkún. O gbààwẹ̀. O dúró tì wá nídìí kànga. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ń pe ilé ìwé nítorí eruku, o ò bèèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ọmọ yẹn á ṣe máa mí. Kò sóhun tó lè fà á ju pé o mọ̀ pé ínhélà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

Ẹkún náà dá wáí. Hope dìde jókòó, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Mo ra tuntun fún un," ló wí. "Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀."

Gbénga fò mọ́ ọn. Èmi ni mo gbá a mú níbàdí. "Mo fi orí bọ kànga!" ló ń pariwo. "Ìwọ náà dúró níbẹ̀! O rí mi!"

"Mo rí yín, Bọ̀ọ̀dá Gbénga." Kò gbójú sókè. "Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu mi ò ṣí."

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n kàn sìn yín dé pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ ní, 'O ti ṣe tìrẹ, Hope, Ọlọ́run á san án fún ẹ.' Bí ẹni tó ń lé ọmọ ọ̀dọ̀. Mo ṣèlérí fún Títí lórí ibùsùn ikú. Mo rò pé tí Sátidé bá kọjá, tí bàálù bá lọ, a ó tún jọ sọ ọ́."

"Promise ń kọ́?" ni ọ̀gá mi bi í. "Wọ́n ti gbé táyà wá."

Níbẹ̀ ni agbára Hope ti pin. Ó dojú bolẹ̀. "N ò rò ó débẹ̀, mà. N ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni á wá ojú Promise."

Mo ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é kó tó sọ ibi tí ọmọ wà.

*

Ayọ̀bọ̀ ni. Ọ̀nà ibẹ̀ kò jẹ́ kí mọ́tò dé ẹnu ilé. A fi ẹsẹ̀ rìn láàrin àwọn ilé tí wọn ò tíì rẹ́, ẹrẹ̀ pupa ń fa bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ wa. Ìyá àgbà kan, ọ̀rẹ́ ìyá Hope, ló ní ilé náà. Wọ́n ti sọ fún un pé bàbá ọmọ rìnrìn àjò ni.

Dárà fúnra rẹ̀ ló dáhùn nídìí ilẹ̀kùn. "Àǹtí ní kí n má ṣílẹ̀kùn fẹ́nikẹ́ni."

"Èmi ni, Dárà," ni Hope wí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Gbénga ló ṣáájú, ó ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọmọ náà wò ó, ó kí i dáadáa, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà," ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ di itan Hope mọ́. Ibẹ̀ ló ti rí irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, kí nìyí?"

Hope fi ìborùn bo ọwọ́ rẹ̀.

"Mo fẹ́ lọ sílé," ni ọmọ náà wí.

"Ilé wo?" ni Gbénga bi í.

"Ilé wa. Ní Ìkòtún."

Ọkùnrin náà ṣì wà lórí eékún. Ìbínú tó gbé wá láti Egan ti lọ lójú rẹ̀, ó wá dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Nígbà tó dìde, èmi ló kọjú sí. "Sájẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ jókòó sẹ́yìn." Òun jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sì bojú wẹ̀yìn títí a fi dé Ìkòtún.

A tú Promise sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ló sìn ín lọ sí Egan, ó kó àwọn ará ẹ́sítéètì jọ, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó kó ẹrù rẹ̀, ó ní òun ò ṣe iṣẹ́ géètì mọ́. Hope sùn sẹ́yìn irin. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dé kọ́ọ̀tù, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ wa.

Ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tó yẹ kí bàálù ti gbé wọn lọ, Gbénga wọlé wá. Ó di Dárà lọ́wọ́ mú. Irun ọmọ náà rí wúruwùru, ìyàrí kan há sí àárín rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n.

"Mo gbìyànjú," ni Gbénga sọ fún ọ̀gá mi, ojú ń tì í. "N ò mọ̀ ọ́n dì. Gbogbo ibi tí mo bá fọwọ́ kàn ló ń dùn ún. Ó ní Àǹtí rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá mi wo ìwé òfin tó wà lórí tábìlì. Ó wò mí. Èmi náà bojú wo òkè. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn irin.

Hope jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn káúńtà. Dárà jókòó sílẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn tì í. Hope rọra yọ ìyàrí, ó fi ìka la irun náà sọ́tọ̀ láti iwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

Gbénga dúró tì wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá ó fa àga kan, ó jókòó sí ibi tó ti lè rí ọwọ́ Hope.

"Má yára," ló wí. "Tún ìyẹn ṣe, kí n rí i."

Hope tú ẹyọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun, díẹ̀díẹ̀.